Bàbá mi ń rù: níbo ni mo ti lè ra purotéènì gidi ní Àkúrẹ́?

Ọmọ Ìjòkà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Bàbá mi, ẹni ọdún 71, ti ilé ìwòsàn dé lọ́sẹ̀ tó kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti rù gan-an. Bùbá tí wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú ń yọ̀ kúrò léjìká wọn, àánú wọn sì ṣe mí. Dókítà ní kí a wá purotéènì kún oúnjẹ wọn, ọ̀rọ̀ ò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Oúnjẹ gan-an ò wọlé fún wọn. Ṣíbí mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n á ní àwọn ti yó.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì FUTA, tó máa ń gbé irin, ní kí n ra páúdà inú ike ńlá tí òun náà ń lò. Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù kan lánàá, iye tí wọ́n pè é mú kí n rọra gbé ike náà padà síbi tí mo ti mú un. Ẹ̀rù ayédèrú tún ń bà mí. Níbo lẹ̀yin ti ń rà á? Kí ni kí n máa wò lára rẹ̀? Àbí ohun tó wà lọ́jà tó fún Bàbá? Wọn ò ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni, ó sì ti pẹ́ lára wọn.

Agbérin FUTA
Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ara wọn á yá láṣẹ Ọlọ́run. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń lo páúdà wọ̀nyí. Ike kejì tí mo rà, orí fóònù ni mo ti bá ẹni tó tà á fún mi pàdé. A jọ pàdé lẹ́nu South Gate, mo fún un lówó, ó gbé e fún mi, ó lọ. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé bébà tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ẹnu ike lábẹ́ ọmọrí ti hunjọ, gọ́ọ̀mù sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo bu ṣíbí kan sínú kọ́ọ̀pù, mo da omi gbígbóná lé e. Ó dì bí ògì. Purotéènì tó ti ara mílíìkì wá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi gbígbóná bá kàn án, ṣe ló máa ń ṣù kókó-kókó. Ohun tó bá dì bí ògì, sítáàṣì ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ nípa kẹ́mísírì kán áyódíìnì sí i, ó dúdú bí aró, bí sítáàṣì ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ má ra ike lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ jíìmù wa ni mo ti ń rà báyìí, torí òun náà ń mu ún, mo sì mọ ilé rẹ̀.

Ẹ yí ike náà padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má wo àwòrán ọkùnrin abiṣan tó wà níwájú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ṣíbí kan sí àti iye purotéènì inú rẹ̀. Èyí tí mo ń lò, ṣíbí kan jẹ́ gíráàmù 30, purotéènì inú rẹ̀ sì jẹ́ 24. Àwọn ike gàgàrà tí wọ́n ń pè ní "mass gainer" ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mo rí ọ̀kan tí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 330, purotéènì ibẹ̀ ò sì ju 50 lọ. Ṣúgà àti sítáàṣì ló kún ìyókù. Ẹ pín owó ike sí iye gíráàmù purotéènì tó wà nínú gbogbo rẹ̀, kí ẹ ṣe irú ìṣirò kan náà fún kíréètì ẹyin. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù 6, ẹyin 30 ló wà nínú kíréètì, 180 nìyẹn. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó tú àpò.

Apòògùn Alágbàka
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Agbérin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí nídìí káúńtà. Ní Alágbàka níbí àti lójú ọ̀nà Ọba Adésídà, ẹ lọ sí ilé oògùn tí apòògùn fúnra rẹ̀ wà ní ìdúró, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má kàn nàka sí ike. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ sí rírí rẹ̀, nítorí ẹni tó lè tẹ ayédèrú ike lè tẹ nọ́ńbà. NAFDAC ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Greenbook. Ẹ tẹ orúkọ ọjà náà tàbí nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ rí i bóyá ohun tó jáde bá ti ara ike mu. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, bóyá wọ́n ti lẹ bébà mìíràn lé e. Ẹ gbọn ike. Bí ó bá ń dún bí òkúta wà nínú rẹ̀, ó ti fa omi. Èyí tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ lójú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Èèyàn á ní, ṣé kò sí àyẹ̀wò ni? Ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn purotéènì ló ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn oníjìbìtì. Náítírójìn ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, òun ni wọ́n á fi ṣírò iye purotéènì. Ẹni tó bá wá bu nǹkan olówó pọ́ọ́kú tó ní náítírójìn sí i, iye á gòkè, oúnjẹ ò sì sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà nìyẹn ní 2008, tí wọ́n bu melamine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe abọ́ ike, sínú mílíìkì ọmọdé. Ọmọ ọwọ́ mẹ́fà ló kú, àwọn tó ṣàìsàn sì tó nǹkan bí 300,000. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ mọ ibi tí ọjà ti wá.

Ní ti Bàbá, ike àwọn agbérin kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ mú. Àwọn mílíìkì tí a ń ṣe fún ẹni tó ń gba ara padà, irú Ensure, wà nílé oògùn. Purotéènì rẹ̀ kò pọ̀ tó ti páúdà agbérin, àmọ́ ọ̀rá àti fítámì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí oúnjẹ kò wọlé fún. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: bí wọ́n bá fún wọn ní ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò àrùn, nílé ìwòsàn, tí wọ́n ṣì ń lò ó, kí wọ́n má fi mílíìkì gbé e mì o. Mílíìkì kì í jẹ́ kí oògùn náà wọra. Ẹ bi ẹni tó ta oògùn fún yín ní iye wákàtí tó yẹ kó wà láàárín wọn.

Ìyá Ẹlẹ́wà, Ọjà Ọba
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dá Bàbá sí fún yín. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ yìí dára, ṣùgbọ́n má sáré wọ inú ṣọ́ọ̀bù oníná kí o tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀wà àti sóyà ni mo ń tà láti ìgbà tí ọmọ tó ń tẹ̀wé yìí ti wà lẹ́yìn mi.

Jẹ́ kí n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ra ẹ̀wà fún aláìsàn. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, mí èémí gbígbóná sí i, kí o wá gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀wà rere á rùn bí ilẹ̀ gbígbẹ. Bó bá ta ẹ́ nímú, oògùn kòkòrò ti wọ̀ ọ́, rọra dà á padà, kí o máa lọ. Àwa tí a wà lọ́jà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kéékèèké oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos lọ́jà láti 2019, síbẹ̀ àwọn kan ò jáwọ́. Bí o bá rí ìhò kan-méjì lára ẹ̀wà, tí kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ ṣì ń rìn, mi ò ní kí o sá fún un. Ṣà á, fọ̀ ọ́, ó ṣeé ṣe kí májèlé má pọ̀ níbẹ̀. Tí o bá fẹ́ rà á ní àpò, Ṣáṣá ni kí o lọ, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Kóńgò kan, kóńgò méjì, ọ̀dọ̀ wa ní Ọjà Ọba tàbí Ìsìnkàn náà tó.

Sóyà ló lágbára jù nínú gbogbo wọn. Ọmọ mi kà á fún mi pé gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní purotéènì bíi 23, ti sóyà tó 36. Ṣùgbọ́n sóyà tútù kì í ṣe oúnjẹ o! Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí inú lọ purotéènì dáadáa, iná ló ń pa á. Àwọn tó ń lọ̀ ọ́ ní tútù, tí wọ́n wá ń ní sóyà ń wú àwọn nínú, wọn ò sè é ni. Ṣa òkúta kúrò, rẹ ẹ́ mọ́jú, sè é fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fi ọwọ́ bó èèpo rẹ̀ nínú omi, kí èèpo máa léfòó kí o máa dà á nù. Sá a kó gbẹ wárawára, kí o wá yan án lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí á fi pọ́n díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ á sì jọ ti ẹ̀pà. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ nǹkan gbígbẹ, má gbé e lọ síbi tí wọ́n ń lọ ata. Sọ fún un kó kọ́kọ́ fi ìwọ̀nba tìrẹ fọ ẹnu ẹ̀rọ, kó da èyí nù. Ṣíbí ọbẹ̀ méjì nínú ògì àárọ̀, Bàbá ò ní mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ mílíìkì sóyà lo fẹ́ ṣe, má gbé e kalẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ ru. Ó máa ń ru wá sókè, á fẹ́ dà sórí sítóòfù, o á rò pé ó ti jinná. Kò tíì jinná. Dín iná kù, máa rò ó, kó hó fún bí ogún ìṣẹ́jú sí i.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ̀wà nìkan kọ́ o, ẹja ńkọ́? Bí ẹnì kan yín bá ń lọ sí Ìgbókòdá, ẹ rán an ní edé gbígbẹ. Èyí tó dé Àkúrẹ́ ti gba ọwọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ju ìdajì ìwọ̀n edé gbígbẹ lọ ló jẹ́ purotéènì. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fọ́ ọ. Ó yẹ kó dún pẹ́rẹ́. Bó bá rọ̀ tó sì tutù, wọ́n ti wọ́n omi sí i kó lè wúwo. Ẹ ṣàn án kíákíá kí yanrìn kúrò, ẹ sá a padà, kí ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́búlẹ́bú sínú ìgò. Ẹni tí edé máa ń mú ara rẹ̀ yún, kó má fọwọ́ kàn án rárá.

Olùtajà Ìlera
Ẹ kí Bàbá. Mo ní páúdà kan tó ti òkè òkun wá, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń fọ kídìnrín, ó ń dá ẹran ara padà láàárín ọjọ́ 7. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi.

Apòògùn Alágbàka
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Oúnjẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti pe ara rẹ̀ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n tó kọ èyí, mi ò bá yín jà o, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sílẹ̀ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Lórí àga kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé ọ̀kan nínú wọn padà wá sọ́dọ̀ mi. Kí Bàbá má fi oògùn wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró
Mo ń bọ̀ síbẹ̀ gan-an ni. Ọmọ Ìjòkà, kí ẹ tó fi purotéènì púpọ̀ kún oúnjẹ wọn, ṣé wọ́n ti yẹ kídìnrín wọn wò? Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lára lè ba kídìnrín jẹ́ láìsí ìrora kankan, purotéènì púpọ̀ sì lè di ẹrù fún kídìnrín tó ti rẹ̀. Ẹ wo ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ ń jáde, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ creatinine sí, òun ló ń fi hàn bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi han dókítà. Kílò mélòó ni Bàbá báyìí?

Ọmọ Ìjòkà
Ẹ ṣé o, mà. Mo ti wá ìwé náà rí, mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí dókítà. Ó ní kídìnrín wọn dára, kí a máa bá a lọ. Kílò 58 ni wọ́n. Wọ́n tó 66 kí àìsàn tó dé.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àró
Ọlọ́run ṣeun. Ẹni tó ní ìlera, gíráàmù 0.8 fún kílò kan máa ń tó o lójúmọ́. Àgbàlagbà tó ń bọ̀ lára àìsàn nílò tó 1.2 sí 1.5. Fún kílò 58, ìyẹn jẹ́ bíi 70 sí 87. Ẹ má fi sínú abọ́ kan ṣoṣo o, ẹ pín in. Láàárọ̀, ògì oní-sóyà bí Ìyá ti wí, ẹyin sísè kan, ife mílíìkì kan: ó ti tó 20. Lọ́sàn-án, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ewé méjì. Ní aago mẹ́rin, ife Ensure kan. Lálẹ́, àmàlà kékeré, ẹ̀fọ́ àti ẹja tó nípọn, gbẹ̀gìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ti dé 70 nìyẹn láìra ike ńlá kankan. Ẹ gbé ẹja síwájú wọn kí ẹ tó gbé àmàlà, torí ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ jẹ nìkan ló máa wọlé. Kí iyọ̀ àti magí kéré.

Pọ̀nmọ́ kò sí nínú ìṣirò mi. Purotéènì wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pé, kò lè dá ẹran ara kọ́.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún
Ẹ kú ìjókòó o. Oǹdó ni mo wà. Ohun kan ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ti gbọ́ "whey" tí wọ́n ń kọ sára ike? Omi wàrà ni! Àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà, tí wọ́n bá ti fi omi ewé bòmùbòmù sí mílíìkì tó ń hó, tó bá dì, omi kan máa ń yà sọ́tọ̀. Omi yẹn ni wọ́n ń gbẹ ní òkè òkun, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń dì sínú ike. Nínú purotéènì mílíìkì, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 dúró sínú wàrà, ìdá 20 ló bá omi lọ. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, wàrà ni mo ń rà lówùúrọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan tó máa ń gba àdúgbò wa kọjá. Mo máa ń tún un sè kí n tó fún wọn, nítorí eéṣinṣin àti oòrùn. Bẹ́skẹ́, wàrà sóyà, náà dára, kí ẹ ra èyí tí wọ́n ń dín lójú yín, kí epo rẹ̀ má dúdú.

Ẹ wo mílíìkì inú sáṣẹ́ẹ̀tì dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn, ẹ máa rí "fat filled" lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́: wọ́n ti yọ ọ̀rá mílíìkì kúrò, wọ́n fi òróró rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi iye purotéènì ọ̀kan wé èkejì kí ẹ tó rà.

Ẹ jọ̀ọ́, ní Oǹdó níbí, níbo ni mo ti lè rí ẹ̀pà tí kò ní ìbu?

Ìyá Ẹlẹ́wà, Ọjà Ọba
Mi ò mọ ọjà Oǹdó dáadáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí o bá wà, fọ́ ẹ̀pà sí méjì kí o wo inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbu máa ń fara pamọ́ sí. Èyí tó ti ṣú, tó ti hunjọ, tàbí tó korò lẹ́nu, tutọ́ rẹ̀ dà nù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Má gba ẹ̀pà lílọ̀ tí o kò rí nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́.

Ọmọ Ìjòkà
Mo padà wá jábọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ra ike Ensure kan ní Alágbàka, lẹ́yìn tí mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí Greenbook tí orúkọ rẹ̀ jáde. Mo ra kóńgò sóyà kan àti ẹ̀wà olóyin kóńgò méjì ní Ọjà Ọba. Ẹ̀wà tí mo kọ́kọ́ bù ta mí nímú, mo sì rọra dà á padà bí Ìyá ti ní kí n ṣe. Obìnrin tó ń tà á wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni mo ti rà á. Àbúrò mi ló lọ lọ sóyà, ó sì ti bù nínú rẹ̀ lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Bàbá ń mu ògì wọn tán báyìí. Lánàá, wọ́n ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà kò ta tó, kí n fi ata kún ti ọ̀la. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọsibítù dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa bèèrè nǹkan lórí oúnjẹ. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè po ẹyin tútù mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ náà, àbí kí n sè é kí n tó gé e sínú ewé?

Ìyá Ẹlẹ́wà, Ọjà Ọba
Ṣe méjèèjì. Po ọ̀kan mọ́ ọn kó lè rọ̀ lẹ́nu wọn, kí o gé èyí tí o sè sí àárín ewé. Bu edé Ìlàjẹ sí i. Ata rodo méjì tó, àgbàlagbà ni wọ́n.